Iye Tí Mo Kọ fún Ilé-Iṣẹ́ Aṣọ

Ìyá mi kò rí orúkọ fún iṣẹ́ mi. Nígbà tí ìjọba gbà mí síṣẹ́ ní Kàdúná, ọdún mélòó kan lẹ́yìn 1990, àwọn obìnrin ìjọ wọn bi í léèrè pé kí ni mò ń ṣe gan-an. Ó rò ó díẹ̀, ó ní, "Ó ń bá ìjọba ka nǹkan." Wọ́n ní, "Ó ń ka kí ni?" Ó ní, "Ohun gbogbo."

Kò purọ́. Iye ènìyàn tó ń sùn nínú yàrá kan, iye tí wọ́n ń ta gàrí lọ́jà, iye aṣọ tí ilé-iṣẹ́ kan hun lọ́dún, gbogbo rẹ̀ la máa ń béèrè, tí a ó sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. A ó di àwọn fọ́ọ̀mù náà sínú àpò ńlá, a ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí olú ọ́fíìsì, wọn á pa wọ́n pọ̀ mọ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, ìwé á jáde. Ìwé yẹn ni àwọn ènìyàn ńlá máa ń gbé sọ́wọ́ bí wọ́n bá fẹ́ sọ fún aráyé ibi tí orílẹ̀-èdè wa ń lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí ẹlòmíràn ṣe ń ka ìtàn ni mo ṣe máa ń kà á. Bí mo bá rí i pé òjò dín lápá ibì kan, tí iye ọmọ tó wọ ilé-ìwé lápá ibẹ̀ náà sì lọ sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e, inú mi á dùn bí ẹni tó gbọ́ àṣírí. N kì í rántí pé ọmọ tí kò wọ ilé-ìwé náà jókòó síbì kan.

Ọjà Kawo ni wọ́n kọ́kọ́ pín mi sí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń lọ bá àwọn tó ń ta ọkà àti ẹ̀wà, tí mo ń kọ iye tí wọ́n ń ta mudu kan. Mudu ni abọ́ tí gbogbo ará Àríwá fi ń wọn oúnjẹ. Ìgbà kan wà tí ìyà ń jẹ gbogbo ènìyàn, tí àwọn obìnrin ń pariwo nínú bọ́ọ̀sì pé ẹ̀wà ti kọjá agbára àwọn, síbẹ̀ iye tí mò ń kọ sínú fọ́ọ̀mù kò kúrò lójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó rú mi lójú. Mo bẹ ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀wà pé kó jẹ́ kí n wo mudu rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀. "Hàbà, Hàjíyá!" ló ń wí, bẹ́ẹ̀ èmi kò dé Mẹ́kà rí, n kì í sì í ṣe Mùsùlùmí. Nígbà tó gbé e fún mi, mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, ó wú sókè bí ikùn ọmọ tí ebi ń pa.

Mo ra mudu ẹ̀wà kan, mo gbé e lọ wọ̀n ní ọ́fíìsì. Ọ̀gá wa, bàbá kan láti ìhà Ọ̀fà tó ti gbé Kàdúná ju ọdún tí mo lò láyé lọ, bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wò mí. "Ojú rẹ là," ó ní. "Ẹlòmíràn á ti kọ iye kan náà fún ọdún mẹ́wàá." Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn lé orí bí oyè. Nítorí rẹ̀ náà ló ṣe gbé mi kúrò lọ́jà, tó fi mí sáàárín àwọn tó ń lọ béèrè ọ̀rọ̀ ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ní Kàdúná ìgbà náà, ẹni tó bá ti sọ ilé-iṣẹ́ ńláńlá, Kakuri ló sọ.

Kakuri kò ṣàjèjì sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, fẹ́ ọkùnrin Ìlọrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ibẹ̀. Ó gba ẹ̀sìn ọkọ rẹ̀. Bàbá mi bínú fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ tó kù kí Iléyá dé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Òwú tó ń fò nínú ilé-iṣẹ́ yẹn ti jókòó sínú irun rẹ̀ débi pé a kò mọ èyí tó jẹ́ ewú níbẹ̀ mọ́. Ó lè dúró lójú pópó, kó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ láti inú ilé-iṣẹ́, kó sì sọ pé ọ̀kan nínú wọn fẹ́ já bẹ́líìtì. "Ìyàwó mi" ló máa ń pè mí, bí àwọn ọkùnrin ṣe ń fi àbúrò aya wọn ṣàwàdà. Èmi a máa pè é ní Bọ̀dá.

Ní ọdún kejì mi ní ìdí iṣẹ́ náà, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gan-an bọ́ sọ́wọ́ mi. Ìbéèrè mẹ́ta ló ṣe pàtàkì nínú fọ́ọ̀mù: òṣìṣẹ́ mélòó lẹ ní, ẹ̀rọ mélòó ló ń ṣiṣẹ́, yáàdì aṣọ mélòó lẹ hun láàárín ọdún. Akọ̀wé tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo padà. Ó ní ọ̀gá kò tíì buwọ́ lù ú. Mo tún padà. Ó ní ọ̀gá rìnrìn àjò. Lẹ́ẹ̀kẹrin, epo bẹntiróòlù ti di àwátì nílùú, mo fi ẹsẹ̀ rìn kọjá afárá, oòrùn ń jó mi látàrí. Mo dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ ní kò sẹ́nì kankan nínú ọ́fíìsì.

Mo padà lọ bá ọ̀gá wa, mo ní wọn kò dá fọ́ọ̀mù padà. Àwọn àpò ti wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ dì lọ sí olú ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì.

"Mú ti èsí," ó ní. "Fi díẹ̀ lé e."

"Díẹ̀ bíi mélòó, sà?"

"Àwọn yòókù ní Kakuri, ṣé iye tiwọn gòkè?"

"Àwọn tó dá a padà, ó gòkè díẹ̀."

"Wo bó ṣe gòkè tó, kí o ṣe tiwọn bẹ́ẹ̀. Àyè òfìfo nínú ìwé burú ju àṣìṣe lọ. Gbogbo ayé ló ń ṣe é."

Òótọ́ ni pé gbogbo ayé ń ṣe é. Wọ́n kọ́ wa ní ilé-ìwé pé bí iye kan bá sọnù, ọ̀nà wà tí a lè gbà fojú bù ú. Ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ́ wa pé kí a kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé a fojú bù ú ni. Èmi kò kọ nǹkan kan. Mo mú fọ́ọ̀mù tuntun kan, mo fi pẹ́ńsù kọ iye náà sínú rẹ̀, mo wò ó, mo fi bírò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo sì jù ú sínú àpò.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ yẹn. Mo lè yà síbẹ̀, kí n bu omi mu, kí n ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin mélòó ló kù níbẹ̀ báyìí?" N kò yà. Kí n má purọ́, kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ohun tí ènìyàn bá fi ẹnu sọ ní pálọ̀, èmi kò kà á sí iye. Iye ni ohun tó ní òǹtẹ̀ lára. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ti gbàgbé fọ́ọ̀mù náà pátápátá.

Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn tí Bọ̀dá wá bá mi lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Mo ti háyà yàrá kan lẹ́yìn ilé ọ̀gá ìjọba kan ní Ungwan Rimi, níbi tí igi pọ̀ débi pé oòrùn kì í kan ilẹ̀. Ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí mo ní, ó ṣí fìlà, ó yọ lẹ́tà kan láti inú rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Ìlọrin fẹ́ kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe. Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti fèsì.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ká lọ," ó ní. "Ìyá mi náà ń retí mi nílé. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ni mo ti lò nídìí iṣẹ́ yìí, ìyàwó mi. Iṣẹ́ ti ń lọ sílẹ̀ níbẹ̀, mo mọ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni bóyá bó ṣe máa wà nìyẹn, tàbí ó máa padà dáa. Ìwọ lò ń ka ìwé ìjọba. Kí ni ìwé ń wí?"

Kò sẹ́ni tó tíì bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọ́fíìsì, iye ni wọ́n ń bi mí. Inú mi dùn gan-an. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.

Mo yá ìwé méjì láti ibi ìkówèésí ọ́fíìsì wa. Ọ̀kan ni tiwa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Èkejì ti òkè òkun wá, ó ń sọ iye òwú àti aṣọ tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ń tà fún ara wọn. Mo kà wọ́n bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Mo ya kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan, mo lo ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi rúlà fa ìlà fún ọdún kọ̀ọ̀kan, mo sì fi bírò pupa so iye àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ Kàdúná pọ̀ láti ọdún dé ọdún. Ìlà náà lọ sílẹ̀, ó tún lọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ní ọdún tó kẹ́yìn nínú ìwé, ó gbé orí sókè. Mo rántí bí ọkàn mi ṣe fò nígbà tí mo rí i.

Bọ̀dá ní kí n má sọ ọ́ fún òun nìkan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo lọ sí ilé wọn ní Kakuri, mo bá àwọn ọkùnrin mẹ́ta mìíràn nínú pálọ̀, gbogbo wọn ọmọ Yorùbá, gbogbo wọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé omi wá fún wa, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú aṣọ tó ń rán lọ́wọ́. Mo fi kàlẹ́ńdà náà kọ́ ara ògiri.

Mo ṣe àlàyé. Mo ní náírà ti já wálẹ̀. Bí náírà bá já, aṣọ tí wọ́n ń kó ti òkè òkun wá á gbówó lórí. Bó bá gbówó lórí, ti ilé ni àwọn ènìyàn máa padà sí. Mo ní ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn nìyẹn, ó wà nínú ìwé yìí. Mo na ọwọ́ sí ibi tí ìlà pupa ti gbé orí. Mo ní, "Ó ti bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín náà. Ẹ wò ó."

Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ bàbá àgbàlagbà, ahunṣọ ni, etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn mọ́ nítorí ariwo ẹ̀rọ. Ó tẹ orí sọ́dọ̀ mi.

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ mẹ́rin ni mò ń dúró tì tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń wá síṣẹ́ lọ́sẹ̀, nítorí kò sí epo dúdú tí wọ́n fi ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Èyí wà nínú ìwé rẹ?"

"Bàbá, ilé-iṣẹ́ kan lè ní ìṣòro. Ìwé yìí ń wo gbogbo wọn pọ̀."

"Aṣọ òkèèrè tí o ní ó máa wọ́n ńkọ́? Ní Kawo lọ́hùn-ún, ó kún ilẹ̀, ó sì pọ́ọ́kú ju tiwa lọ. Inú igbó ni wọ́n ń gbà kó o wọlé."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Mo ti rí àwọn aṣọ náà fúnra mi nígbà tí mo wà ní Kawo. Ṣùgbọ́n aṣọ tó gba inú igbó wọlé kò sí nínú ìwé, mo sì dá a lóhùn bí ẹni tó mọ̀wé ṣe ń dá àgbà lóhùn. Mo ní, "Ojú kan lẹ wà, Bàbá. Láti ojú kan, ènìyàn kò lè rí gbogbo rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ojú kan tí mo wà yìí náà ni òjò ti ń pa mí." Ó dìde, ó kí ẹ̀gbọ́n mi, ó lọ. Kó tó di ìparí oṣù náà, ó ti kó ẹrù rẹ̀ padà sí ìlú rẹ̀.

Bọ̀dá ní tirẹ̀ ṣì jókòó, ó ń wo ògiri. Ó bi mí pé, "Ilé-iṣẹ́ tiwa, ṣé ó wà nínú iye yìí?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ta ló kọ ọ́ fún wọn?"

"Àwọn ọ̀gá yín ló kọ ọ́ fúnra wọn, Bọ̀dá. Fọ́ọ̀mù la máa ń fún wọn."

Bí mo ṣe wí nìyẹn. Kò sí ohun kankan nínú mi tó mì.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ojú sókè kúrò lára aṣọ tó ń rán. "Èmi ṣì ní ká lọ," ó ní. Ọkọ rẹ̀ ní, "Ìwọ náà gbọ́ ohun tí àbúrò rẹ sọ." Ó kọ lẹ́tà sí Ìlọrin lọ́jọ́ kejì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní òun kò ní lè wá.

Kò tó oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà tí àwọn òṣìṣẹ́ dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, tí wọ́n bá ẹ̀wọ̀n lára géètì, àti ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pé kí oníkálukú máa lọ sílé títí wọn yóò fi gbọ́ nǹkan. Bọ̀dá kọ̀wé sí Ìlọrin ní ọjọ́ yẹn gan-an. Wọ́n fèsì kíákíá, wọ́n fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: wọ́n ti gba ẹlòmíràn.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi kò lè sọ láì káwọ́ lé orí. Láràárọ̀ ló ń wẹ̀, tó ń wọ kakí iṣẹ́ rẹ̀, tó ń gbé kúlà oúnjẹ, tó ń lọ. Ìdí igi kan ní iwájú géètì ni òun àti àwọn bíi tirẹ̀ máa ń jókòó sí. Wọ́n á tẹ́tí, bóyá wọ́n á gbọ́ kí ẹ̀rọ kan dún. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á padà wálé ní àkókò tí wọ́n máa ń ṣíwọ́ tẹ́lẹ̀, á sì bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé. Odidi oṣù mẹ́rin.

Láàárín àkókò yẹn, ọ́fíìsì wa tún rán mi lọ sí Kakuri pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Mo kọjá níwájú àwọn ọkùnrin abẹ́ igi náà. Bọ̀dá rí mi, ó gbé ọwọ́ sókè, ó tilẹ̀ fi mí hàn wọ́n: "Àbúrò ìyàwó mi nìyẹn, ìjọba ló rán an." Mo wọlé tọ akọ̀wé ọjọ́sí lọ. Òun àti ẹ̀ṣọ́ nìkan ló kù. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fi èdè Haúsá ní kí n jókòó, pé òní òun ní àyè, òun ní àyè púpọ̀. Ó gbé fáìlì kan wá, gbogbo ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti kọ fún wa wà níbẹ̀ ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Mo ń ṣí i wò. Mo dé ọdún tó kẹ́yìn nínú ìwé, ọdún tí ìlà mi gbé orí. Fọ́ọ̀mù náà wà níbẹ̀. Kò sí ohunkóhun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀.

"Èyí ńkọ́?" mo bi í.

"A kò dá ti ọdún yẹn padà," ó ní. "Nínú ìdá mẹ́rin òṣìṣẹ́, ìdá mẹ́ta la ti ní kí wọ́n máa lọ nígbà náà, ìdá kan ló kù. Ọ̀gá kò fẹ́ kí àwọn tó ń yá wa lówó gbọ́. Ó ní kí n máa fi ọ̀la dá yín lóhùn."

Ìdá mẹ́rin ló di ìdá kan. Mo jókòó síbẹ̀, mo sì rí ara mi lórí afárá nínú oòrùn, mo rí pẹ́ńsù, mo rí bírò. Gbogbo rẹ̀ padà wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣí ilẹ̀kùn sí ilé tó ti gbé rí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gba ẹ̀yìn ilé jáde, kí n má bàa tún kọjá níwájú igi náà.

Ní ọ́fíìsì, mo wá ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà nínú àkójọ àtijọ́. Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì. Ikán ti jẹ etí rẹ̀ kan. Ìkọ̀wé mi ni. Mo ṣe ìṣirò gbogbo Kàdúná ní ẹ̀ẹ̀mejì, ìgbà kìíní pẹ̀lú iye tí mo dá sílẹ̀, ìgbà kejì pẹ̀lú ìdá kan tí akọ̀wé sọ. Ní ìgbà kejì, ìlà náà kò gbé orí rárá. Ó ń lọ sílẹ̀ ni.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Kì í ṣe ènìyàn búburú, mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìwé ti jáde. Wọ́n ti ka iye yẹn lórí rédíò. Ta ló máa tẹ òmíràn?"

"Ẹ jẹ́ ká sọ fún olú ọ́fíìsì, sà. Ọ̀kan ṣoṣo yìí."

"O rò pé ọ̀kan ṣoṣo ni?" Ó rọra sọ ọ́. Ó gbé gíláàsì rẹ̀ sójú padà, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo kọ lẹ́tà sí olú ọ́fíìsì fúnra mi. Títí mo fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni kò fèsì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà sínú kí n tó lè lọ sọ ọ́ ní Kakuri. Mo yan ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, nígbà tí àwọn ọmọ wà ní ilé kéwú. Mo kúnlẹ̀ nínú pálọ̀ náà, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: fọ́ọ̀mù, afárá, ohun tí ọ̀gá sọ, ohun tí mo kọ. Bọ̀dá kò ní kí n dìde, kò sì ní kí n má dìde.

Ó ní, "Ọjọ́ tí ò ń kọ ọ́, ṣé o rántí mi?"

"Rárá, Bọ̀dá. N kò rántí yín."

"Ó dáa tí o kò purọ́."

Ó ní kí n mú ìwé kan. Mo mú ìwé ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ kan láti orí tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ran òwú. Ó sọ àwọn tó wà níbẹ̀ ní ọdún yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni yìí, ará Zaria, wọ́n lé e ní oṣù kejì, ẹni yìí, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ti padà sóko, ẹni yìí kú. Ó bọ́ sí ẹ̀ka ìhunṣọ, ó bọ́ sí ti àwọn aláró, ó bọ́ sí ti àwọn tó ń tẹ àwòrán sára aṣọ. Kò fo ẹnì kankan. Mo ń kọ. Láàárín rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi jáde láti ilé ìdáná, ó dúró lé mi lórí.

"Mo sọ fún yín pé ká lọ," ó ní. "Mo jókòó síhìn-ín, mo sọ ọ́. Èmi tí mò ń fọ kakí rẹ̀, tí mo mọ̀ pé òwú ti dín lára rẹ̀ láti ọdún náà. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ìwé lẹ̀ ń wò."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kọ èyí náà sílẹ̀," ó ní, ó sì wọlé padà.

Ó lé ní ọdún kan tí kò fi oúnjẹ lọ̀ mí nínú ilé rẹ̀. Bí mo bá dé, á kí mi, á bi mí nípa ìyá wa, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bọ̀dá yá alùpùpù, ó ń fi gbé èrò, iṣẹ́ tí a ń pè ní áṣábà ní Kàdúná, ṣùgbọ́n kò lè fi agbára já sáàárín ọkọ̀ bí àwọn ọ̀dọ́. Ó kọ́kọ́ ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó dìde. Lẹ́ẹ̀kejì, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ méjì ṣẹ́, wọn kò sì tọ́ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ránṣẹ́ láti Ìlọrin pé kó wá, pé àwọn á jọ máa tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ọjà.

Ní tèmi, mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ọdún mélòó kan. Gbogbo iye tí n kò bá rí gbà, mo máa ń fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé a kò rí i gbà. Wọ́n ní mò ń dá iṣẹ́ dúró. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ gba ìgbéga, èmi kò gbà. N kò sọ èyí láti fi yin ara mi. Ìgbà míràn, mo tún máa ń rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, tó gbé orí ní ọdún tó kẹ́yìn, àyà mi á sì já, nítorí n kò mọ̀ bóyá ẹlòmíràn ni oòrùn pa níbì kan, tó fi jókòó kọ iye tí kò rí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò ní Kàdúná, mo lọ sí gáréèjì láti sìn wọ́n. Ẹrù wọn ti wà lórí ọkọ̀, wọ́n fi okùn dì í. Bọ̀dá fi ọwọ́ òsì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Ìyàwó mi, ó dàbọ̀." Àwọn ọmọ mẹ́ta ti jókòó sẹ́yìn. Kàdúná ni wọ́n bí gbogbo wọn sí. Wọ́n gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Haúsá ni wọ́n fi ń dáni lóhùn. Èyí àbíkẹ́yìn, ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà, na orí jáde láti ojú wíńdò, ó fi Haúsá bi bàbá rẹ̀ bóyá àwọn ará Ìlọrin ń gbọ́ Haúsá.

"Àwọn kan ń gbọ́ ọ," bàbá rẹ̀ dá a lóhùn.

"Àwọn mélòó?"

Bọ̀dá wò mí, ó gbé ojú kúrò. Ó ní òun kò mọ̀, pé bí àwọn bá dé ibẹ̀, àwọn á rí i. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń wo iwájú. Mo dúró títí ọkọ̀ fi yí sí ojú títì.